Ajidaa ní Ìjókòó Àgbà

Ó rẹ Anarkan. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí ènìyàn ń sùn lé lórí, kó jí, kó sì ti lọ. Àárẹ̀ tirẹ̀ ti dàgbà, ó ti hu irùngbọ̀n. Bí wọ́n bá gbé e ka orí ìwọ̀n, yóò wúwo ju màlúù òkè mẹ́ta lọ, màlúù tó lóyún ìbejì sì ni. Ọdún kọkànlélógójì rèé tí gbogbo àfonífojì Kara-Bulun ti ń pè é sí ọ̀rọ̀ ẹ̀dá abàmì, tilé tìgbẹ́, kò sì sí ọjọ́ kan tí ẹnì kan pè é láti sọ pé, "Ìyá, kò sóhun tó ṣe wá o, ẹ kàn wá mu tíì."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ilé Jolchu ló ti ń jáde, níbi tó sùn mọ́jú. Jolchu ní tulpar, ẹṣin tó ń fò. Ọmọ ọdún mẹ́ta ní àfonífojì náà mọ̀ pé ènìyàn kì í wo ìyẹ́ tulpar. Ẹ fún un lọ́kà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ya gọ̀gọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ na ìyẹ́, ẹ kẹ̀yìn sí i, nítorí ìyẹ́ tí ojú ènìyàn bá bà lé, píparẹ́ ló ń parẹ́. Jolchu lu ihò sára ògiri ibùjẹ ẹran, ó fi ojú kan yọjú wò ó. Ojú kan ló fi wò ó, ìyẹ́ kan ló parẹ́. Ìyẹ́ kan tó kù ni ẹṣin náà fi gbéra, ló bá ń pòòyì lókè ilé fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, títí òòyì fi kọ́ gbogbo adìyẹ tó ń wò ó. Okùn márùn-ún àti èébú ogójì ni Anarkan fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Ìyá, ṣé ìyẹ́ yẹn á tún hù?" ni Jolchu bi í.

"Á hù lọ́jọ́ tí ọgbọ́n bá hù sí ọ lórí."

Ilé rẹ̀ ló fẹ́ lọ. Ó fẹ́ lọ dùbúlẹ̀ kó kọjú sí ògiri, kí ògiri kọjú sí i, kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì má bi èkejì ní ìbéèrè. Kò tíì gun ẹṣin rẹ̀ tán tí fóònù fi dún. Turdubai ni, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ṣì wà ní pápá òkè pẹ̀lú ẹran rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ nínú fóònù náà bí ẹni tó ń jà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé dáadáa lẹ jí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. A ní àlejò."

"Ẹni tó bá ní àlejò, ẹran ló ń pa. Kí ló kàn mí?"

"Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Anarkan di ìjánu mú. Ó mọ àbúrò rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń tọ̀ sílé.

"Turdubai, ṣé àlejò yẹn ní ìrù?"

Afẹ́fẹ́ fẹ́ lọ, ó fẹ́ bọ̀.

"Ó ní díẹ̀," ni Turdubai wí.

* * *

Nígbà tí Anarkan dé pápá òkè, oòrùn kò tíì dé àárín ọ̀run, ṣùgbọ́n oòrùn náà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo àgọ́ yòókù ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí abúlé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ojú ibi tí wọ́n pa àgọ́ sí ló kù nílẹ̀, róbótó róbótó, koríko ibẹ̀ funfun bí orí apárí. Ó gbójú sókè wo Taldi, àlàfo kan ṣoṣo láàárín òkè tí ènìyàn lè gbà bọ́ sí abúlé. Àwọsánmà eléérú ti jókòó sí etí rẹ̀ bí adìyẹ tó fẹ́ yé. Bí yìnyín bá bo Taldi pẹ́nrẹ́n, ó di oṣù karùn-ún kó tó tún ṣí. Anarkan fi imú fa afẹ́fẹ́. Ọ̀la. Bí Ọlọ́run bá ṣàánú gan-an, ọ̀túnla àárọ̀.

Ìrù ló kọ́kọ́ rí. Ó yọ lẹ́nu ọ̀nà àgọ́, ó yí àgọ́ náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó gba ẹ̀gbẹ́ igi tí wọ́n ń so ẹṣin mọ́ kọjá, ó lọ, ó lọ, ó lọ títí ṣóńṣó rẹ̀ fi bọ inú odò, níbi tí omi ti ń hó tí ẹja sì ń jinná fúnra wọn láìsí iyọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀," ni Turdubai wí. Ọkùnrin gìrìwò ni, àmọ́ ó ti rù, aṣọ rẹ̀ ń rìn lọ́tọ̀, òun náà ń rìn lọ́tọ̀.

"Ṣé díẹ̀ tó o wí nìyí?"

"Ẹ má bínú. Mo rò pé bí mo bá sọ gbogbo rẹ̀ lórí fóònù, ẹ ò ní wá."

"Ǹ bá má wá. Ǹ bá ti ju fóònù yẹn sínú kànga."

Kaliman, ìyàwó Turdubai, jáde nínú àgọ́ kékeré tí wọ́n fi ń dáná. Àgọ́ náà fẹ́lẹ́ débi pé bí ènìyàn bá sín nínú rẹ̀, ẹni tó wà lóde ni yóò nu imú. Asilgul, ìyàwó ọmọ wọn, tẹ̀ lé e, ó gbé ọmọ tuntun mọ́ àyà, ọmọ ogún ọjọ́. Ọkọ Asilgul ti kó ìdajì ẹran sọ̀ kalẹ̀ ṣáájú, ó ń retí wọn ní abúlé. Inú àgọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí ni gbogbo wọn ń sùn láti ọjọ́ mẹ́sàn-án.

"Ẹ bá mi bi í, ẹ̀gbọ́n," ni Kaliman wí, ó sì nàka sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ bi í, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Èmi ti sọ ọ́ títí, ẹnu mi ti bó."

Turdubai wo ilẹ̀, ó ní, "Ọjọ́ àjọyọ̀ tí a kọ́kọ́ gbé ọmọ sínú ìbùsùn rẹ̀ ni. A pa àgùntàn kan. A jókòó, à ń jẹun wa jẹ́jẹ́, ni orí ejò ńlá oníwo kan bá yọ lẹ́nu ọ̀nà. Orí náà kún ẹnu ọ̀nà dẹ́múdẹ́mú."

"Kí ni wọ́n ń ṣe bí ajidaa bá yọjú sí ilé?" Anarkan bi í bí olùkọ́ tó ti kọ́ ọmọ kan náà ní ẹ̀kọ́ kan náà fún ogójì ọdún.

"Wọn kì í sáré. Wọn kì í pariwo. Wọn kì í wò ó lójú. Wọn á gbé wàrà sí ìta, ní apá ibi tí ilẹ̀kùn kò kọjú sí, wọn á sì jókòó síbi tí wọ́n wà títí yóò fi mu ún tán tí yóò fi lọ."

"Kí ló dé tí wàrà fi ń wà níta?"

"Nítorí ohun tí wọ́n bá fún un níta, sàráà ni. Ó gbà á, ó lọ."

"Kí lo wá ṣe?"

Turdubai la ẹnu. Kaliman gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀.

"Wàrà ẹṣin kíkan ti wọ̀ ọ́ lára. Ife mẹ́sàn-án! Mo ka á. Ló bá na ọwọ́ báyìí, ó ní, 'Àgbà, ẹ wọlé, ẹ wá bá wa jẹun!' Ajidaa wọlé. Ó ní, 'Ẹ lọ sí iwájú!' Ajidaa lọ sí iwájú, ó ká sí ìjókòó àgbà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ mi wá gbé orí àgùntàn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú ejò!"

Anarkan fi ọwọ́ di ojú rẹ̀. Ní òkè wọ̀nyẹn, bí wọ́n bá pa ẹran, gbogbo eegun ló ní ẹni tó ń jẹ ẹ́, bí oyè ni. Itan kì í ṣe ti ẹni tó ni èjìká. Orí sì jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, àgbà jù lọ nínú àlejò. Ẹni tó bá jẹ orí nínú ilé rẹ, bó jẹ́ olè, bó jẹ́ ọ̀tá, bó jẹ́ ẹni tó pa ẹṣin bàbá rẹ, o kò gbọdọ̀ lé e, o kò gbọdọ̀ fi tábìlì òfìfo sí iwájú rẹ̀, o kò sì gbọdọ̀ tú àgọ́ mọ́ ọn lórí.

"Àgùntàn mélòó ló ti jẹ?"

"Kí a má ka ìyẹn," ni Turdubai wí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹran kọ́ ló ká mi lára. Ọmọ yìí ni. Bí yìnyín bá bá a nínú àgọ́ tí a fi ń dáná yìí, kò ní…"

"Mo ní ká fi àgọ́ sílẹ̀ fún un," ni Asilgul wí. Ohùn rẹ̀ kéré. "Ká gbé ọmọ, ká lọ. Bàbá ní rárá."

"Bàbá rẹ gbọ́n lẹ́ẹ̀kan yìí," Anarkan dá a lóhùn. "Mo jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí ilé kan ní Sari-Tash Òkè fi àlejò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sá. Inú bí i. Ó tẹ̀ lé ipa ẹsẹ̀ wọn dé abúlé. Nígbà tí mo débẹ̀, mo rí ìkòkò tíì, ó ti yọ́, ó rí pẹlẹbẹ bí búrẹ́dì. Ẹ má bi mí nípa àwọn tó ń mu tíì náà."

Wọn kò bi í.

* * *

Ó wọ inú àgọ́. Apá òsì ló gbà wọlé, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ kí ajidaa rí i pé òfìfo ni, ó bọ́ ìborùn pupa kúrò, nítorí pupa ń jọ iná lójú wọn, iná sì ń jọ ìjà. Níbi tí ìrù ti dábùú ọ̀nà, kò rékọjá rẹ̀. Ènìyàn kì í rékọjá lórí ara ẹni tó dùbúlẹ̀, yálà ọmọ, yálà òkú, yálà ejò. Ó rọra fi ọwọ́ gbé e díẹ̀, ó gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ sì ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo rí.

Ooru inú ibẹ̀ lè dín ẹyin. Ajidaa náà ká gèrègèrè sí iwájú, ipẹ́ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ìwo méjì ró sókè, ìkan kán. Ó ti dàgbà. Wọ́n ní ejò tí ojú ènìyàn kò bà fún ọgọ́rùn-ún ọdún ló ń di ajidaa, ṣùgbọ́n èyí ti kọjá ọgọ́rùn-ún méje, bí wọ́n bá ní ó bá òkè ṣeré nígbà tí òkè wà ní kékeré, mo gbà. Orí àgùntàn mìíràn wà níwájú rẹ̀, tòní. Ó wò ó. Ó gbé ojú kúrò. Ó mí kanlẹ̀, àgọ́ wú, àgọ́ sún kì.

Anarkan jókòó, ó wò ó láìwo ojú rẹ̀. Bó ṣe ń wò ó lọ, ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í yé e, ohun náà kò sì dùn mọ́ ọn. Ikùn ajidaa náà le bí ìlù tuntun. Ọrùn rẹ̀ rọ̀. Ìpéǹpéjú rẹ̀ wúwo. Kì í ṣe oúnjẹ ló ń dá a dúró níbẹ̀. Ó mọ ìrí náà dáadáa, ó ń rí i nínú dígí láràárọ̀. Ó ti rẹ ajidaa. Ó fẹ́ lọ ilé.

Ó wo ilẹ̀. Aṣọ ìjẹun ṣì wà ní títẹ́, láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, ọ̀rá ti rin ín gbingbin.

"Turdubai!"

Àbúrò rẹ̀ fi orí yọ.

"Ta ló ṣe àdúrà?"

"Àdúrà wo?"

"Àdúrà ìparí oúnjẹ, ìwọ ọmọ yìí! Kí wọ́n tó ká aṣọ ìjẹun. Ta ló ṣe é?"

"Ṣebí ẹni tó jẹ orí ló ń…" Ẹnu Turdubai là, kò padé mọ́.

"Ẹni tó jẹ orí ló ń ṣe é. Wọ́n á fọwọ́ pa ojú, wọ́n á ní àmín, àlejò á dìde. Bí kò bá ṣe é, oúnjẹ kò tíì parí, kò sẹ́ni tó lè dìde. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ ti jókòó ti oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan! Ẹ̀ ń gbé ẹran wá nítorí pé kò lọ. Òun náà kò lọ nítorí pé ẹ̀ ń gbé ẹran wá, àdúrà kò sì sí. Ó ń bọ̀wọ̀ fún ọ, Turdubai. Ó ń yó kú lọ, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún ọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ejò ni. Kò lè sọ̀rọ̀."

"Mo rí i pé ejò ni."

Turdubai wọlé, ó fi ìkánjú kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó gba àdúrà kan tó gùn ju ọ̀nà abúlé lọ. Ó ní àmín. Ajidaa la ojú kan, ó wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó ń da ọ̀rọ̀ àgbà rú, ó sì pa ojú náà dé.

"Onílé kì í ṣàdúrà lórí oúnjẹ ara rẹ̀," ni Anarkan wí. "Dìde. O ń tì mí lójú."

Kaliman kò lè ṣe é, onílé ni. Asilgul ní òun yóò ṣe é, pé ìdílé mìíràn ni òun ti wá, ó sì ti ń gbé ọmọ fún ìyá ọkọ rẹ̀. Anarkan ní, "Jókòó. Ẹni tó bímọ sínú ilé, inú ilé ló wà." Lẹ́yìn náà gbogbo wọn yíjú sí Anarkan, nítorí wọ́n ti rí ẹni tó kù. Ọmọbìnrin tó bá ti lọ sílé ọkọ, àlejò ló jẹ́ nílé bàbá rẹ̀. Láti ọdún méjìdínláàádọ́ta ni Anarkan ti lọ sílé ọkọ. Gbogbo ìgbà tó bá wá, wọ́n ń fi ẹran àlejò fún un.

Ṣùgbọ́n kò tó kó jẹ́ àlejò lásán. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àlejò yẹn, ẹni tí wọ́n jọ wá, tó lè gbẹnu sọ fún un. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Ẹni tó bá jẹ orí máa ń gé nínú rẹ̀ fún ẹni tirẹ̀, etí fún ọmọ, ojú fún ọ̀rẹ́. Ajidaa gbọ́dọ̀ fún un jẹ láti inú oúnjẹ tirẹ̀, láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́.

Anarkan mọ ohun tó kù lẹ́yìn ìyẹn pẹ̀lú. Kò sọ ọ́. Ó kàn ní, "Ẹ lọ di ẹrù. Gbogbo rẹ̀ pátá. Kí ó ku àgọ́ yìí nìkan. Bó bá ti jáde báyìí, ẹ tú u, ẹ máa lọ, ẹ má dúró sọ ìtàn."

Ó rọra fi ìdí wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ajidaa, ó jókòó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, bí àbúrò ti ń jókòó ti ẹ̀gbọ́n. Ó ń retí. Lóde, ó ń gbọ́ tí Kaliman ń bú màlúù òkè, tó ń bú ọkọ rẹ̀, tó tún ń padà sí màlúù. Ìgbà méjì ló sùn lọ. Nígbà kejì, nígbà tó jí, orí rẹ̀ wà lára ipẹ́ gbígbóná, ajidaa kò sì mira. Bóyá ó rò pé bí òun bá mira, ìyá arúgbó yìí á ṣubú. N kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó na ahọ́n rẹ̀ tó gùn bí okùn ẹṣin, ó ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ àgùntàn kúrò lára orí, ó jẹ ẹ́ díẹ̀, ó ronú, ó sì tì í sí iwájú Anarkan. Itọ́ bò ó. Èéfín ń jáde lára rẹ̀.

Anarkan wò ó. Láyé rẹ̀, ó ti fi ọwọ́ gbá omi inú ihò imú tulpar. Ó ti sùn pẹ̀lú ọmọ ajá kumayik, èyí tí wọ́n ń pa jáde láti inú ẹyin igún, ó sì ti fi ẹnu gbé oúnjẹ sí i lẹ́nu fún ogójì ọjọ́ kó má baà fò lọ. Kò sí èyí tó rùn tó báyìí.

Ó jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ tán.

"Ẹ wọlé," ló pè wọ́n. Wọ́n wọlé, wọ́n kúnlẹ̀ yí aṣọ ìjẹun ká. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, ohùn rẹ̀ sì há bí ìgbà tí ènìyàn ń jí.

"Ẹ ti gbà wá, ẹ ti bọ́ wa," ló wí. "Kí iná ilé yìí má kú. Kí ọmọ yìí dàgbà kó máa bú yín bí ẹ ṣe ń bú ara yín. Kí ọ̀nà ẹni tó ń sọ̀ àti ọ̀nà ẹni tó ń gòkè ṣí sílẹ̀. Àmín."

"Àmín!" Gbogbo wọn fọwọ́ pa ojú. Ajidaa tẹ orí rẹ̀ ba, ó fi imú àti iwájú orí nu ara ẹní, lẹ́ẹ̀kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde. Bí ó ti ń dìde ni òrùlé àgọ́ ń dìde pẹ̀lú rẹ̀, bí ó sì ti ń jáde ni ẹnu ọ̀nà ń pariwo bí aboyún tó ń rọbí. Ó gba ìdajì wákàtí kí gbogbo rẹ̀ tó jáde tán. Turdubai sáré gbé ẹ̀wù tuntun, nítorí wọ́n kì í jẹ́ kí àlejò orí lọ láìda ẹ̀wù bò ó. Ẹ̀wù náà kéré fún un bí ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé. Wọ́n fi kọ́ ìwo tó kán.

"Ó ti lọ!" Kaliman bú sẹ́kún, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọlọ́run ṣeun! Ẹ tú okùn, ẹ tú okùn!"

Ajidaa kò tíì lọ. Ó dúró lórí koríko, ó yí orí padà, ó ń wo ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń dúró dè?" ni Turdubai bi í.

"Èmi."

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Ṣé o ti rí ibi tí ẹni méjì ti jọ wá sí ilé rí, tí ìkan lọ, tí èkejì jókòó? Mo ti jẹ nínú oúnjẹ rẹ̀. Mo ní láti sìn ín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀."

Ojú Turdubai yí padà. "Ẹ mọ̀. Ẹ mọ̀ kí ẹ tó jókòó tì í."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ilé rẹ̀ wà lókè yìnyín. Taldi á ti dí kí ẹ tó padà."

"Turdubai, ó rẹ̀ mí. Má jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí n kò bá lọ, yóò padà wọlé wá wá mi, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí àgùntàn. Gbé ọmọ yẹn. Mú ẹṣin mi lọ, kò ní lè sún mọ́ ajidaa."

Turdubai di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú bó ti ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré. "Èmi ni mo mutí. Èmi ni mo pè é wọlé. Ẹ jẹ́ kí n lọ!"

"Ìwọ? Kó o tó dé ìdajì ọ̀nà, wàá ti pe ajidaa mìíràn wá jẹun." Ó gbọn ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́. Kaliman bọ́ ẹ̀wù onírun tirẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, ó dà á bò ó léjìká. Asilgul gbé ọmọ sún mọ́ ọn. Anarkan kò gbé e, ọwọ́ rẹ̀ kún fún itọ́ ejò, ó kàn fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lórí.

* * *

Òkè náà ga débi pé bí ènìyàn bá ju òkúta láti orí rẹ̀ lónìí, ọmọ rẹ̀ ni yóò gbọ́ ìró rẹ̀. Ajidaa ń lọ níwájú, ó rọra ń lọ, ìgbà gbogbo ni Anarkan ń dúró, ìgbà gbogbo ni òun náà ń dúró. Níbi tó ti ga jù, ó ká ara rẹ̀ sí ẹ̀yìn obìnrin náà, ó ń tì í bí ẹni ń ti kẹ̀kẹ́ tó bàjẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n dé ihò kan tí omi gbígbóná ń sun nínú rẹ̀, tí òkúta ibẹ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn. Anarkan sùn síbi tó ṣubú sí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ́ lọ sí ẹnu ihò. Lókè níbẹ̀, gbogbo ayé ló wà ní ìsàlẹ̀. Ó rí Taldi, tóóró bí ihò abẹ́rẹ́. Ó rí èèrà tó tò lẹ́sẹẹsẹ, ó ka wọn: màlúù òkè mẹ́rin tó ru àgọ́, agbo àgùntàn tó ti kéré gan-an, ẹṣin mẹ́ta tó ru ènìyàn, àti ẹṣin kan tí kò ní ẹni lórí. Ẹṣin òfìfo náà dúró nínú àlàfo náà pẹ́, ẹnì kan sì dúró tì í, ó ń wo òkè. Anarkan mọ ẹni náà láti bí aṣọ rẹ̀ ṣe ń rìn lọ́tọ̀.

"Máa lọ," ló wí, bí ẹni pé ó lè gbọ́. "Máa lọ, òmùgọ̀. Máa lọ."

Ẹni náà yí padà, ó lọ. Èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn àgùntàn bọ́ sí òdìkejì. Kò tó ìgbà tí ènìyàn fi ń mu ife tíì méjì tí yìnyín fi dé, ó ń bọ̀ ní ìbú ní ìbú, ó sì pa Taldi dé bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí.

Anarkan jókòó. Ó retí kí ẹkún wá, ẹkún kò wá, ó ti rẹ òun náà bóyá.

Lẹ́yìn rẹ̀, ajidaa ti jáde, ó ti wọlé. Ó ju ewúrẹ́ òkè kan sílẹ̀, ìwo rẹ̀ gùn bí apá ènìyàn méjì. Ó fi ooru ẹnu rẹ̀ sun ún, apá kan jóná, apá kan tútù, bí ẹni tí kò dáná fún àlejò rí láyé rẹ̀. Ó já orí rẹ̀. Ó fi ahọ́n gbé e, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gbé e síwájú Anarkan, ó sì wọ́ sẹ́yìn lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí onílé ń jókòó sí.

Anarkan wo orí ewúrẹ́ náà. Ó wo yìnyín. Bó bá jẹun tán, tó gbé ọwọ́ sókè, tó ní àmín, yóò di dandan kó dìde kó máa lọ, kò sì síbi tí yóò lọ. Ṣùgbọ́n bí kò bá ṣàdúrà, oúnjẹ kò tíì parí. Kò sí ẹni tó lè lé e. Kò sí ẹni tó lè pè é síta. Títí di oṣù karùn-ún, bó bá wù ú.

Ó gé etí kan. Ó jẹ ẹ́, ó ń jẹ ẹ́ lọ, ó pẹ́ lórí rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé. Lẹ́yìn náà ó bọ́ bàtà rẹ̀ ọ̀tún. Ti òsì le díẹ̀ láti bọ́, nítorí ẹsẹ̀ náà ti wú, ó sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó jáde. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí òkúta lílọ́wọ́ọ́rọ́ náà, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri.

Ajidaa ń wò ó, ó ń retí.

"Má wò mí," ni Anarkan wí fún un. "Mi ò tíì yó."